TA NI Ó NÍ EYÍN KÌ Í PA ÈNÌYÀN?

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí ó ti ń dùn mí láti ìgbà ìpàdé wa kan, bí n kò bá sì sọ ọ́, ọkàn mi kò ní balẹ̀. Ní ọjọ́ náà, a ń jiyàn lórí ohun tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ wa máa kọ sínú ìwé yìí. Èmi dìde, mo ní kí a kọ̀wé nípa ìtọ́jú eyín àti erìgì, ní Yorùbá tí ará oko yóò gbọ́. Kí n tó jókòó ni ọ̀rẹ́ mi kan tí ó mọ ọ̀rọ̀ í sọ ti dáhùn pé, "Ìwọ náà! Nínú gbogbo àrùn tí ń bẹ láyé, eyín ni o rí mú? Eyín a máa dunni, ṣùgbọ́n eyín kì í pa ènìyàn." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, wọ́n bọ́ sórí òmíràn.

Èmi kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Kì í ṣe pé n kò ní èsì. Èsì náà ni ó pọ̀ ju ẹnu mi lọ. Àwọn àgbà ní gbogbo alángbá ni ó da anú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín tó, wọn kò mọ̀ pé ẹni tí eyín pa ènìyàn rẹ̀ ń bẹ láàárín wọn. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi mú kálámù lónìí.

Ọmọ Ṣàrẹ́ ni mí, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà Ìlọrin lọ sí Lafiagi yóò ti la ìlú wa kọjá. Àbúrò bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kékeré, ni ó ń wakọ̀ lójú ọ̀nà yìí. Nígbà tí kò bá sí lẹ́nu ọkọ̀, ó wà lóko iṣu. Apá kan nínú owó tí mo fi wọ yunifásítì, láti inú òógùn rẹ̀ ni ó ti wá.

Ọ̀kan nínú eyín ẹ̀yìn rẹ̀ nísàlẹ̀ ni ó kọ́kọ́ lu ihò. Bí ó bá mu omi tútù, yóò di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Ó fi iyọ̀ sí i, ó fi aásà sí i. Ó rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tí ó tún gbérí, ó lọ bá ọkùnrin kan tí ń kiri oògùn akokoro lọ́jọ́ ọjà. Ọkùnrin yìí fi èéfín oògùn sí i lẹ́nu, ó fi òwú nu eyín náà, ó sì na òwú náà sí i: kòkòrò wínníwínní funfun méjì ni ó wà níbẹ̀. Ó ní, "Àwọn tí ń jẹ ọ́ léyín nìwọ̀nyí." Bàbá Kékeré sanwó, ó tún dúpẹ́. Oṣù kan kò pé tí eyín náà tún fi bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní gáréèjì wá sọ fún un pé omi bátìrì ni òpin rẹ̀. Wọ́n ti òwú bọ omi bátìrì, wọ́n sì kán an sínú ihò eyín. Ó jó o lérìgì, ó bó awọ ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ìrora náà lọ pátápátá. Gbogbo ènìyàn ní oògùn ti jẹ́.

Nígbà náà ni ó tẹ̀ mí láago ní ilé-ìwé. Ó ní eyín kò dun òun mọ́, ṣùgbọ́n ohun kan le sí òun lábẹ́ àgbọ̀n bí kókó. Ó béèrè lọ́wọ́ èmi akọ̀wé pé kí ni kí òun ṣe. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá Kékeré, ẹ fi omi iyọ̀ yọnu. Eyín kò lè pa yín." Ẹ ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo wí? Ọ̀rọ̀ tí ọ̀rẹ́ mi sọ ní ìpàdé, ẹnu èmi ni ó ti kọ́kọ́ jáde. Nítorí náà, bí mo bá ń bá ẹnikẹ́ni wí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ara mi ni mo fi ṣáájú.

Ní ọjọ́ kẹrin ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí mo dé Ṣàrẹ́, ó jókòó sórí ẹní, ọwọ́ méjèèjì lábẹ́ àgbọ̀n, kò lè sọ̀rọ̀; ó dúró gbagidi bí ọ̀kan nínú àwọn ère òkúta Èsìé. Ọrùn rẹ̀ ti wú dé àyà. Ahọ́n rẹ̀ gbé sókè, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀ nítorí kò lè gbé e mì. Bí ó bá sì mí, a máa dún bí ẹni tí ń fa ayùn. A gbé e lóru náà, ó di Ìlọrin, ọ̀nà tí ó lé ní 50 kìlómítà. Ilẹ̀ kò mọ́ bá a.

Nígbà tí àwọn ènìyàn wá bá wa kẹ́dùn, tí wọ́n béèrè ohun tí ó pa á, kò sí ẹni tí ó lè fẹnu sọ pé eyín ni. Àwọn kan ní àìsàn ránpẹ́ ni. Àwọn kan ní aráyé ni. Ẹnì kan tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú burúkú wo awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Eyín jẹ̀bi, a fẹ́ fi ẹ̀bi rẹ̀ bo aládùúgbò lọ́rùn. Bí a ti ń tọ́jú irọ́ náà nìyẹn: nítorí pé a gbà pé eyín kì í pani, ẹni tí eyín bá pa, a ó wá nǹkan mìíràn fi ikú rẹ̀ kọ́ lọ́rùn, nítorí bẹ́ẹ̀, a kì yóò gbọ́ láé pé eyín pa ẹnì kan.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí eyín ti ń pani, kí ẹ má ba à rò pé ìbànújẹ́ ni ó ń mú mi sọ àsọdùn. Awọ tí ó bo eyín lóde le ju egungun lọ. Kò sí ohun tí ó le tó o nínú ara wa. Ṣùgbọ́n omi kíkan a máa jẹ ẹ́. Àwọn kòkòrò àrùn tí ojú lásán kò lè rí ń gbé inú ìdọ̀tí rírọ̀ tí ń lẹ̀ mọ́ eyín. Bí a bá jẹ ṣúgà, àwọn náà bá wa jẹ ẹ́, wọn a sì sọ ọ́ di omi kíkan. Omi yìí ni ó ń jẹ eyín díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi lu ihò. Bí ihò náà bá jìn dé àárín, níbi tí iṣan àti ẹ̀jẹ̀ eyín wà, ìgbà náà ni ìrora dé tí ènìyàn kò lè sùn. Nígbà tí ó bá yá, iṣan náà a kú. Bí iṣan bá sì ti kú, ìrora a dákẹ́.

Ìdákẹ́ yìí ni ẹ̀tàn. A ó ní oògùn ti jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni àrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀kalẹ̀ lọ sínú egungun àgbọ̀n ni. Níbẹ̀ ni yóò ti di ọyún. Bí ọyún náà bá rí ọ̀nà bọ́ sí abẹ́ ahọ́n àti ọrùn, ọrùn a wú, ahọ́n a gbé sókè, ọ̀nà èémí a sì dí. Kì í ṣe àrùn tuntun. Ní 1836 ni dókítà ará Jámánì kan, Wilhelm Friedrich von Ludwig, ti kọ̀wé nípa rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn fi ń pe àrùn náà títí di òní. Bí a bá tètè gbé ẹni tí ó bá mú dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn, wọn a ṣọ́ èémí rẹ̀, wọn a la ibẹ̀ kí ọyún jáde, wọn a fún un ní oògùn apakòkòrò, wọn a yọ eyín tí ó fà á, ẹni náà a sì yè. Tiwa ni a kò tètè gbé.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọn yóò ní, "Ìwọ náà sọ pé kòkòrò ni ó ń ba eyín jẹ́, kí ni o wá ń bá àwọn oníkòkòrò eyín jà sí?" Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ẹnu wa ti dì wá lójú, àwa tí a sì ń pe ara wa ní ọlọ́pọlọ èdè kò tú u. Kòkòrò ni a ń pe èyí tí ń fò, kòkòrò ni a ń pe èyí tí ń rà nínú ẹ̀fọ́, kòkòrò náà ni a tún ń pe ohun kékeré tí ẹgbẹ̀rún rẹ̀ kò kún orí abẹ́rẹ́. Èyí tí ọkùnrin ọjà fi han Bàbá Kékeré ní orí, ó ní ìdí, ó ń yí lórí òwú. Kò sí irú rẹ̀ nínú eyín ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà. Ṣùgbọ́n kòkòrò tí oníṣègùn ọjà ń fi hàn, inú àpò rẹ̀ ni ó wà.

Kì í ṣe àwa nìkan ni a gba èyí gbọ́. Àwọn ará Bábílónì àtijọ́ kọ ọ́ sára amọ̀ pé kòkòrò ni ó ń jẹ eyín. Ní ilẹ̀ Faransé, Pierre Fauchard wò ó títí, nínú ìwé tí ó tẹ̀ ní 1728 ó sì ní òun kò rí kòkòrò kankan. Ní 1890 ni Willoughby Miller, ará Amẹ́ríkà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Berlin, wá ṣàlàyé rẹ̀ pé àwọn kòkòrò àrùn ẹnu ni ó ń sọ oúnjẹ di omi kíkan. Àwọn tí ó tàn jẹ́ tẹ́lẹ̀ ti jáwọ́ nínú rẹ̀. Àwa ńkọ́?

Àwọn mìíràn ń bẹ tí wọn yóò fi àṣà dá mi lóhùn. Wọn yóò ní, "Pákò ni àwọn baba wa fi ń fọ eyín. Wọn kò mọ búrọ́ṣì, wọn kò mọ dókítà eyín, síbẹ̀ eyín wọn funfun títí wọ́n fi wọlẹ̀." Ó dára. Èmi kò bá pákò jà. Orin ata tí ń ta ẹnu, orin ayín, orin ìdí, gbogbo wọn ni mo mọ adùn wọn. Àwọn olùkọ́ yunifásítì ní Ifẹ̀ yẹ àwọn orin wa wò. Ní 1971 wọ́n tẹ iṣẹ́ wọn jáde pé omi inú wọn a máa ká kòkòrò àrùn lọ́wọ́ kò. Láti ìdí iṣẹ́ yìí ni Abayomi Sofowora àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí i pé orin ata lè ṣe nǹkan fún ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ní 1987, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà pé kí a máa gba àwọn tí ń lo orin níyànjú láti máa lò ó. Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè: ẹni mélòó nínú wa ni ó ti gbọ́ èyí rí? Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ọ́. Ìyá tí ń ta orin lọ́jà Ṣàrẹ́ kò mọ̀ pé a ti fi ọjà orí àtẹ òun ṣe ìwé.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń fi pákò yangàn, ẹ dúró gbọ́ èyí. Àwọn baba tí ẹ ń wí, ta ni ó fi iyọ̀ òyìnbó bọ́ wọn? Ẹ̀wà, iṣu, ọkà àti ẹ̀fọ́ ni wọ́n ń jẹ. Ní 1964 ni ilé-iṣẹ́ ṣúgà Bacita bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní agbègbè odò Ọya, kò jìnnà sí wa. Lónìí, kò sí ìkóríta tí a kì í ti ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ọmọdé kò ní lọ ilé-ìwé láìsí bisikíìtì lápò. Ife tíì kan a gba ṣúgà márùn-ún. Ní 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí agbára tí a ń rí nínú ṣúgà má tó ìdá kan nínú mẹ́wàá èyí tí a ń rí nínú gbogbo oúnjẹ wa. Ní 2022 ni ìjọba Nàìjíríà fi owó orí náírà 10 lé lítà kan ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Orin baba ni a ń rún, ṣúgà ọmọ ni a ń jẹ, eyín baba ni a sì ń retí. Kò lè rí bẹ́ẹ̀.

Bí a tilẹ̀ ń rún orin náà, báwo ni a ti ń rún un? Àgbàlagbà yóò jókòó, yóò rún un títí yóò fi rọ̀ bí búrọ́ṣì, yóò sì fi yí gbogbo eyín ká. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò há a sẹ́nu láti ilé dé ibi tí ó ti ń wọkọ̀, yóò máa fi sọ̀rọ̀, yóò fi ra eyín mẹ́rin iwájú tí a fi ń rẹ́rìn-ín. Iwájú ń funfun bí lékèélékèé, ẹ̀yìn ń kú nínú òkùnkùn. Ẹ fọ inú, ẹ fọ òde, ẹ fọ orí eyín tí a fi ń lọ oúnjẹ, ẹ rọra fọ ẹsẹ̀ eyín níbi tí ó ti kan erìgì. Bí a bá fi agbára ha á, erìgì a sá sókè, ẹsẹ̀ eyín a sì hàn síta. Fífọ ti alẹ́ kí a tó sùn ni ó ṣe pàtàkì jù, nítorí bí a bá sùn, itọ́ tí ń fọ ẹnu wa a dín kù. Bí ẹ bá fẹ́ràn pákò, ẹ fi ṣe ti òwúrọ̀. Ẹ fi búrọ́ṣì àti ọṣẹ ìfọyín tí ó ní fluoride ṣe ti alẹ́, nítorí fluoride a máa mú kí awọ eyín le sí omi kíkan. Àṣà kò ní bínú sí yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti erìgì náà, nítorí òun ni a ń fojú di jù. Erìgì tí ó bá ṣẹ̀jẹ̀ nígbà tí a ń fọ ẹnu ti ń ké pe olówó rẹ̀. Púpọ̀ nínú wa, bí a bá ti rí ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ ni a ó sá fún. A ó jẹ́ kí ìdọ̀tí pọ̀ sí i níbẹ̀, títí yóò fi le bí òkúta tí búrọ́ṣì kò lè ṣí. Lábẹ́ rẹ̀ ni àrùn yóò ti máa jẹ egungun tí ó di eyín mú, ọ̀pọ̀ ìgbà láìsí ìrora. Eyín tí kò lu ihò rárá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mì, yóò sì já. A ó ní ogbó ni. Kì í ṣe ogbó. Ẹni tí ó tọ́jú erìgì lè gbó tòun teyín. Aboyún àti ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ ni kí ó tún ṣọ́ra jù. Àwọn kan ń wí pé kí a má jẹ́ kí dókítà ha ìdọ̀tí líle náà kúrò, pé yóò jẹ́ kí eyín mì. Eyín náà ti ń mì tẹ́lẹ̀; ìdọ̀tí ni ó fi tì í. Ta ni yóò ní kí a má wó ilé ikán, nítorí pé òun ni ó ń gbé ògiri dúró?

Àwọn ìkẹta ni àwọn tí wọ́n mọ oògùn kan ṣoṣo: "Yọ ọ́!" Bíbẹ́ orí kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Eyín tí ihò rẹ̀ kò tíì jìn, a lè dí i. Èyí tí iṣan rẹ̀ ti ń kú pàápàá, oníṣègùn lè wẹ inú rẹ̀ kí ó dí i, kí ó sì máa wà lẹ́nu. Òótọ́ ni pé òmíràn wà tí kò sí ohun tí a lè ṣe sí i ju kí a yọ ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n yíyọ yẹn kò gbọdọ̀ jẹ́ ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Bí a bá yọ ọ̀kan, àwọn tí ó kù a máa ṣubú sí àyè rẹ̀. Adìẹ ń jẹ àgbàdo, ó ń mumi, ó ń gbé òkúta mì, ó ní òun kò léyín. Adìẹ ní iwe tí ó fi ń lọ tirẹ̀. Àwa kò ní.

Ti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni ó ń dùn mí jù. Bí ọmọ bá ti ń ya ìgbẹ́ tàbí tí ara rẹ̀ gbóná gan-an, a ó ní eyín ni ó ń hù. Eyín híhù kì í fa ìgbẹ́ gbuuru; àrùn mìíràn ni, ó sì yẹ kí a wá a rí. Ní oṣù Kọkànlá 2008, a rí ohun tí ìgbàgbọ́ yìí lè fà. Oògùn eyín ọmọdé kan tí ń jẹ́ My Pikin ní májèlé nínú, ohun tí a kì í fi sí oògùn. Kíndìnrín àwọn ọmọ náà kú, ọmọ tí ó lé ní 80 sì ṣòfò ní Nàìjíríà. Àwọn tí ó po ó jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ fún àwọn ìyá náà pé eyín híhù jẹ́ àìsàn tí a ń ra oògùn sí? Ẹ tún wo noma, tí ń bẹ̀rẹ̀ bí egbò lérìgì ọmọ tí oúnjẹ kò tó, tí ó sì ń jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè pa mẹ́sàn-án nínú ọmọ mẹ́wàá tí ó bá mú. Bí a bá sì tètè rí i, oògùn apakòkòrò, fífọ ẹnu àti oúnjẹ gidi a wò ó sàn. Nítorí rẹ̀ ni a ṣe dá ilé ìwòsàn kan sílẹ̀ ní Sókótó ní 1999. Ní oṣù Kejìlá 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ mọ́ àwọn àrùn tí ayé ti pa tì, Nàìjíríà ni ó sì ṣáájú àwọn tí ó bẹ̀bẹ̀ fún un. Erìgì ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún wí fún mi pé kì í pani.

Àjọ yìí kan náà ní 2022 ní àrùn ẹnu ń bá ènìyàn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 3.5 jà, ìyẹn súnmọ́ ìdajì gbogbo ayé. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú wọn kò ní tipa bẹ́ẹ̀ kú. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè jẹun, tí kò lè sùn, tí ń fi ọwọ́ bo ẹnu bí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣé òun ni a ó sọ pé kò ṣe é ní nǹkan? Àwa náà ni a ń ki obìnrin ní Eyínfúnjowó, àwa ni a ń yin èjí. Ẹgbẹ́ wa ti kéwì fún eyín funfun. A kò kọ ojú-ewé kan rí nípa bí eyín yóò ṣe wà lẹ́nu.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn eyín nínú wa, ẹ kọ ohun tí ẹ mọ̀ ní Yorùbá. Ẹ̀yin olùkọ́ èdè, ẹ bá wọn wá ọ̀rọ̀ tí yóò ya kòkòrò inú ẹ̀fọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára kòkòrò àrùn. Ẹ̀yin yòókù, bí ẹ bá lọ sílé lọ́jọ́ ìsinmi, ẹ sọ fún àwọn ará ilé yín pé eyín tí ó dunni tí ó sì ṣàdédé dákẹ́ kò tíì sàn. Pé wíwú abẹ́ àgbọ̀n, àìlègbé itọ́ mì àti àìlèyanu kì í ṣe ohun tí a ń sùn mọ́jú. Pé omi bátìrì kì í ṣe oògùn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì tẹ̀ yín láago tí ó ní ohun kan le sí òun lábẹ́ àgbọ̀n, mo fi ọwọ́ kan ilẹ̀ bẹ̀ yín, ẹ má rẹ́rìn-ín.